Kọ́mú Tí Ìgbìmọ̀ Ọkùnrin Mẹ́rin Fọwọ́ Sí

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, Ràhmọ̀t, ìyá Tàófíìk, wọ ṣọ́ọ̀bù Keturah télọ̀ ní Igbó-Ọrà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra lẹ́yìn, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá rẹ̀, ó tú kọ́mú tó wọ̀, ó fà á yọ gba ojú apá, ó sì jù ú sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ.

"Màmá Ìyanu, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ó fẹ́ pa mí ni."

Keturah wò ó. Kọ́mú dúdú ni, ti òkìríkà, tí wọ́n fi òdòdó wẹ́wẹ́ yí etí rẹ̀ ká. Nísàlẹ̀ lápá òsì, wáyà ti yọrí síta bí ejò tó yọjú nínú ihò. Okùn èjìká rẹ̀ kò nípọn ju okùn bàtà lọ.

Gàrí ni Ràhmọ̀t ń yan. Láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wà nídìí agbada, á bẹ̀rẹ̀, á nawọ́, á ro gàrí sọ́tùn-ún, á rò ó sósì, èéfín lójú, iná níwájú. Ọlọ́run fún un láyà, kò ṣahun sí i rárá. Ìbejì ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi ọmú wò kó tó bí Tàófíìk. Ìyá Ìbejì ló yẹ kí wọ́n máa pè é, àmọ́ tí èèyàn bá pe Ìyá Ìbejì lójú títì ní Igbó-Ọrà, obìnrin mẹ́jọ ló máa wẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àbíkẹ́yìn rẹ̀ pè é.

Ó fa ọrùn bùbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kòtò gígùn kan wà ní èjìká rẹ̀, ó dúdú, ó ń dán.

"Ṣé ẹ rí i? Ọmọ ìka lè sùn síbẹ̀."

"Ẹ ò ṣe ra èyí tó tóbi?" Keturah bi í.

"Èyí tó gba ọmú mi, ó fẹ̀ ju àyà mi lọ. Tí mo bá nawọ́ báyìí, ṣe ló ń gùn mí lọ sọ́rùn. Èyí tó bá àyà mi mu, kò gba ọmú. Ẹni tó rán wọn ò mọ̀ mí. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ mí. Ẹ rán ọ̀kan fún mi."

"Ìyá Tàófíìk, yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ni mò ń rán. Mi ò rán kọ́mú rí."

"Ẹni tó bá lè rán ṣòkòtò fún àwọn ọmọ tó ń fi ìdí wọ́lẹ̀ kiri yìí, tí kò sì ya, kò sí ohun tí kò lè rán."

Keturah rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jinlẹ̀. Òun náà, tó bá di ìrọ̀lẹ́, kí ó tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí ó na ọwọ́ sẹ́yìn, kí ó tú ìkọ́ kọ́mú rẹ̀, kí ó sì mí kanlẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ronú kàn án rí pé ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ó mú tépù tó gbé kọ́rùn, ó ní kí Ràhmọ̀t gbé apá sókè.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní kọ́mú rírán nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Nítorí náà, ó fi abẹ tú kọ́mú dúdú yẹn lójú rírán, ó sì tò ó kalẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó tú ẹ̀rọ ọ̀kadà palẹ̀. Ó rò ó títí, ó pinnu pé líle ló ń ni àwọn obìnrin lára. Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ kìkì rọ́bà, ara á tu wọ́n. Ó lọ ra aṣọ tó ń fà, ó ra rọ́bà, ó rán kọ́mú tó ń fà níwájú, tó ń fà lẹ́yìn, tó ń fà lókè.

Ràhmọ̀t wọ̀ ọ́ lọ sídìí gàrí. Kò tíì tó wákàtí kan tó fi padà dé.

"Mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Mo dìde, wọn ò tètè dìde."

Keturah tún rán òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi rọ́bà líle dè é pinpin nísàlẹ̀. Nígbà tí Ràhmọ̀t bọ́ ọ, ilà pupa yí i ká bí ìgbà tí wọ́n fi okùn so ewúrẹ́ mọ́gi. Ó ní èyí kò ṣe òun ní nǹkan kan, àfi pé òun kò lè mí.

Inú bí Keturah sí ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí lọ, ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo Ràhmọ̀t. Àwọn obìnrin tó kù rò pé ó wá gba gàrí àwìn ni. Ibẹ̀ ló ti rí i pé gbogbo ara kọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí Ràhmọ̀t bá nawọ́, abẹ́ apá rẹ̀ ló ń fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ń fẹ̀. Iwájú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí iwájú ń fẹ́ ni kí nǹkan gbà á mú, kí ó gbé e. Nísàlẹ̀ ló sì ti yẹ kí gbígbé náà ti wá. Èjìká ni wọ́n ń fìyà ẹ̀ jẹ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tó máa rán an, aṣọ òwú tí kò fà ló fi ṣe iwájú rẹ̀, ìlọ́po méjì, ó gé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́nà mẹ́ta kí ó tó rán an pọ̀, kí ó lè ní ikùn bí abọ́. Ìgbànú fífẹ̀ tó tó ìka mẹ́rin ló fi sísàlẹ̀. Ó mú rọ́bà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, èyí tó wá títí dé ọjà Ẹ̀ruwà, ó fi kan gbogbo abẹ́ apá, ó fi kan ẹ̀yìn pẹ̀lú. Okùn èjìká fẹ̀, ó sì fi tìmùtìmù pẹlẹbẹ sí i nínú. Kò fi wáyà sí i rárá.

Ràhmọ̀t wọ̀ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé apá sókè. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ro gàrí tí kò sí níbẹ̀ sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. Ó yípo. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Keturah sún mọ́ ọn.

"Ṣé ó ń dùn yín ni?"

"Mò ń wá ibi tó ti ń dùn mí," Ràhmọ̀t wí, "mi ò tíì rí i."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò tó oṣù kan tí gbogbo ìdí gàrí fi gbọ́. Àwọn olùkọ́ gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan gàrí, àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́. Obìnrin kan gun ọ̀kadà láti Ayétè wá, ó mú ìyá ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn fúnra wọn ló sọ kọ́mú náà lórúkọ, wọ́n ní Jẹ́-n-mí. Ẹni tó bá fẹ́ kí Keturah rán ọ̀kan fún òun á kàn yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Màmá Ìyanu, èmi náà fẹ́ẹ́ mí o."

Ohun tó bá ti wà lẹ́nu àwọn obìnrin tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má dé etí Olóyè Adérógbà.

Ẹ̀ruwà ni Olóyè ń gbé, ó sì fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Láti ọdún tó ti ń fẹ́ lọ yìí, ó ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Àjọ Ìrọ̀rùn Adérógbà. Àjọ yìí ti pín bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti pín ìwé kíkọ, ó ti pín abẹ̀bẹ̀, àwòrán ojú Olóyè sì wà lára gbogbo wọn. Àwọn ilé kan wà ní Igangan tó jẹ́ pé wọ́n ń fi Olóyè pọnmi, wọ́n ń fi Olóyè fẹ́ná. Nígbà tó wá gbọ́ pé nǹkan kan wà tí gbogbo obìnrin ń fẹ́, tí kò sì sí ojú òun lára rẹ̀, oorun kò kùn ún mọ́. Ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀.

Ènìyàn mẹ́rin ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Olóyè fúnra rẹ̀ ni alága. Ọ̀gbẹ́ni Malachi, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni akọ̀wé. Wọ́n mú Japheth tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà nítorí pé ó mọ̀ nípa sípíríǹgì. Wọ́n mú Alhaji Wàhábì onípákó nítorí pé ìyàwó mẹ́ta ló ní, wọ́n sì gbà pé onímọ̀ ni lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kọ̀wé sí Keturah pé kí ó yọjú sí wọn ní pálọ̀ Olóyè "lórí ohun èlò kan tó jẹ mọ́ apá òkè ara." Keturah ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó rò pé fìlà ni wọ́n ń wí.

Nígbà tó débẹ̀ tó yé e, ó mú Jẹ́-n-mí méjì jáde nínú àpò, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. Kíá ni Ọ̀gbẹ́ni Malachi fa ìwé ìròyìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi bò wọ́n.

"Ẹ jọ̀wọ́," ó wí. "Àwọn àgbà ló jókòó síbí."

Bí ìpàdé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó á ká etí ìwé ìròyìn sókè díẹ̀, á yọjú wò ó, á sì tún bò ó. Ọ̀gbẹ́ni Malachi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Keturah yọjú wo ìwé rẹ̀, ó rí i pé ibi gbogbo tó ti yẹ kó kọ kọ́mú, "nǹkan tí à ń wí" ló kọ síbẹ̀.

"Mi ò rí wáyà," Japheth wí, ó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìwé ìròyìn. "Kí ló wá gbé e dúró?"

"Ìgbànú ìsàlẹ̀ yìí ni, sà. Òun ló gbé e. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ àti tẹ̀yìn ló ń jẹ́ kí ara rí àyè mí."

"Rọ́bà yìí ńkọ́, ó lágbára?"

Kí Keturah tó dáhùn, Japheth ti fa ọ̀kan yọ, ó fi ẹsẹ̀ tẹ etí rẹ̀ kan mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa èkejì sókè bí ẹni ń dán okùn ẹrù wò. Ó fà á kọjá orúnkún, ó fà á kọjá ìgbáròkó. Ibi tó ti fẹ́ sọ fún wọn pé ó lágbára lóòótọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Kọ́mú náà fò, ó gbá fìlà orí Alhaji Wàhábì bọ́ sílẹ̀, ó sì há sórí fáànù.

Gbogbo wọn gbójú sókè. Fáànù ń yí, kọ́mú ń bá a yí.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," Olóyè sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Malachi. "Ó lágbára."

Keturah ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n pe obìnrin kan wá, ẹni tó ti ń wọ̀ ọ́, kí wọ́n bi í léèrè. Ìyá Tàófíìk á wá tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gbẹ́ni Malachi fi bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyáàfin, a ti rò ó. Ọ̀rọ̀ tó bá kan obìnrin gbọ̀ngbọ̀n báyìí, tí a bá mú obìnrin sí i, ó máa ṣe ojúsàájú."

"Ta ni yóò wá wọ̀ ọ́ wò?"

"Ìgbìmọ̀ yóò fi làákàyè wọ̀ ọ́."

Wọ́n wá dé orí ìwọ̀n. Keturah sọ fún wọn pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni òun ń wọ̀n, nítorí pé ara kì í dọ́gba. Olóyè ní ìyẹn á pẹ́ jù, ìbò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni Malachi, tó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọgbọ̀n ọdún, ní kò le rárá. Kí wọ́n mú obìnrin tó sanra jù, kí wọ́n mú èyí tó tín-ín-rín jù, kí wọ́n ro ìwọ̀n wọn pọ̀, kí wọ́n pín in sí méjì. Ohun tó bá yọ, òun ni ìwọ̀n gbogbo obìnrin Ìbàràpá.

"Ṣé obìnrin yẹn wà ṣá?" Keturah bi í.

"Nínú ìṣirò, ó wà."

Ibi àwòrán ojú Olóyè ni wọ́n ti pẹ́. Olóyè fẹ́ kí ó wà níwájú, ní àárín gbùngbùn, kó hàn. Alhaji Wàhábì fárígá. Ó ní òun kò lè dákẹ́ kí ojú ọkùnrin mìíràn máa sùn láyà ìyàwó òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ì báà jẹ́ ojú olóyè. Ọ̀rọ̀ náà di gbas-gbos. Nígbà tó yá, Japheth mú àbá wá: ṣebí ẹ̀yìn fẹ̀, ṣebí kò sí nǹkan kan níbẹ̀? Kí ojú Olóyè lọ sẹ́yìn. Gbogbo wọn gbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Japheth.

"Olóyè, sà," Keturah wí, "rọ́bà ni ẹ̀yìn yẹn. Rọ́bà máa ń fà."

"Èmi náà, mo máa ń fa èrò mọ́ra," Olóyè dáhùn, ó rẹ́rìn-ín, àwọn mẹ́ta tó kù bá a rẹ́rìn-ín.

Keturah dìde. Ó ní òun dúpẹ́ pé wọ́n pe òun, ṣùgbọ́n òun kò ní lè rán kọ́mú fún obìnrin tó wà nínú ìṣirò, iṣẹ́ àwọn tó wà láyé ń dúró de òun. Ó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Èkejì ṣì wà lórí fáànù, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bá a gùn ún. Bí ó ṣe padà sílé lọ́wọ́ òfo nìyẹn, orí sì ń fọ́ ọ. Nígbà tí ó ròyìn fún Ràhmọ̀t, ó rò pé yóò bínú. Ràhmọ̀t kàn ń bi í léèrè lọ ṣáá ni: báwo ni fáànù yẹn ṣe ń yí gan-an?

Olóyè gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe kan tó jẹ́ àna rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe náà ní gbogbo ibi tí aṣọ òwú wà, òun á fi ọ̀rá rọ̀pò rẹ̀, torí ọ̀rá ń dán. Gbogbo ibi tí rọ́bà dáadáa wà, òun á fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di ṣòkòtò ọmọdé rọ̀pò rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò fi ohunkóhun rọ̀pò ni ojú Olóyè. Ojú náà jáde kedere, ó gùn láti abẹ́ apá dé abẹ́ apá, eyín mẹ́jọ hàn nínú ẹ̀rín rẹ̀.

Pápá ilé ìwé kan ní Ẹ̀ruwà ni wọ́n ti pín in. Àwọn obìnrin wá láti Igbó-Ọrà, wọ́n wá láti Ayétè àti Igangan, nítorí àwọn tó ń polówó rẹ̀ ti ń pariwo pé Jẹ́-n-mí ọ̀fẹ́ dé. Keturah náà lọ. Ó ní òun kò lọ fún ìjà, òun kàn fẹ́ wo ojú rírán ni. Òun àti Ràhmọ̀t dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

Olóyè kò tíì dé. Ọ̀gbẹ́ni Malachi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kí gbogbo ìyá tó bá ti gba nǹkan tí à ń wí kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé e wọ̀ sórí aṣọ, kí Olóyè lè rí ìfẹ́ wọn tó bá dé. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ọ̀kan wọ̀ ọ́ sórí bùbá, ni èkejì bá wọ̀ ọ́, ni gbogbo wọn bá ń bá ara wọn mú ìkọ́ ẹ̀yìn. Obìnrin ìṣirò kò wá sí pápá lọ́jọ́ náà. Àwọn tó wá, lára àwọn tó tín-ín-rín nínú wọn, ojú Olóyè súnkì, ó hunjọ bí ilá gbígbẹ, ó dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Lára àwọn tó sanra, ojú náà fẹ̀ láti ìhà dé ìhà, imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ojú méjèèjì jìnnà síra wọn bíi ti màlúù.

Àsìkò yìí ni ọkọ̀ Olóyè gba géètì wọlé. Ẹ̀yìn àwọn obìnrin náà ló ti yọ sí wọn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó tún agbádá ṣe, ó gbójú sókè, ó sì rí ara rẹ̀ ní ọ̀nà ọ̀ọ́dúnrún.

"Ẹ gbé ọwọ́ sókè fún Olóyè!" Ọ̀gbẹ́ni Malachi ké.

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹnu Olóyè là. Wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀, gbogbo ẹnu náà pa dé. "Ẹ tún gbé e!" Ẹnu tún là. Ẹnì kan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ wẹ̀yìn wo ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, bí ó sì ṣe yípo báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Olóyè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́, ojú rẹ̀ kan sì ṣẹ́. Bí ẹ̀rín ṣe gba gbogbo pápá nìyẹn. Bí ẹ̀yìn àwọn obìnrin ṣe ń gbọ̀n fún ẹ̀rín ni Olóyè tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ọ̀ọ́dúnrún rẹ̀, tọkàntọkàn. Olóyè tó dúró lẹ́bàá ọkọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Rọ́bà ṣòkòtò ọmọdé kò lè gba ẹ̀rín tó tó bẹ́ẹ̀. Ìkọ́ àkọ́kọ́ já, ó dún pàú. Òmíràn já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, pàú, pàú, bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Alhaji Wàhábì di fìlà rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

"Ìyá Tàófíìk, ẹ jẹ́ ká máa lọ," Keturah wí.

Ràhmọ̀t kò lè gbéra. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tún jókòó, wọ́n kọ ìròyìn olójú ewé mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kò sí àbùkù kankan lára nǹkan tí à ń wí. Wọ́n ní àwọn obìnrin náà ni kò wá ní ìwọ̀n tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, àti pé ẹ̀rín kò sí nínú ohun tí wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. Wọ́n dábàá pé nígbà mìíràn, kí wọ́n kọ́kọ́ dá àwọn ìyá lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń mí.

Àwọn ọlọ́kadà ló jẹ èrè rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé iṣu láti oko Igangan, kọ́mú Àjọ Ìrọ̀rùn ló ń fi di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, iṣu á há Olóyè létí sọ́tùn-ún sósì, eyín mẹ́jọ ṣì wà níta. Kò sí ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo Ìbàràpá. Àmọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn máa yan ẹni tó máa díje, wọ́n ní àwọn kò lè fi ẹni tí àwọn ọmọdé ń pè ní Olóyè Rọ́bà síwájú. Olóyè ní òun ti dárí jì wọ́n, àti pé agbòòrùn ni òun máa pín tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn.

Keturah kò sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìda. Àwọn obìnrin tó ti fẹ́ dúró de ọ̀fẹ́ padà wá bá a. Ó gba télọ̀ méjì sí i, ó sì fi dandan lé e fún wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ gé aṣọ kankan láìjẹ́ pé wọ́n ti ní kí ẹni tó ni ín bẹ̀rẹ̀, kó dìde, kó nawọ́, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dun òun.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ dúdú kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ fi ìborùn bo orí dé ojú. Ó dúró títí gbogbo èrò fi lọ tán kó tó wọlé. Nígbà tó ṣí ojú, Keturah rí i pé Ọmọ́ṣọlá ni, ìyàwó Olóyè Adérógbà. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Ṣé ẹ lè rán ọ̀kan fún mi? Èyí tí kò ní ojú ẹnikẹ́ni lára."

"Mo lè rán an, mà."

Ó bọ́ bùbá rẹ̀. Aṣọ olówó ńlá ni bùbá náà, ṣùgbọ́n èjìká tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èjìká àwọn tó ń yan gàrí. Kòtò náà jìn lọ́tùn-ún, ó jìn lósì. Keturah fi ìka kàn án pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

"Ó ti pẹ́, mà?"

"Láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi. Ọdún mẹ́tàlélógún." Ó fọwọ́ ra èjìká rẹ̀. "Ìgbìmọ̀ yẹn, pálọ̀ mi ni wọ́n ti ṣe é. Ìyàrá kejì ni mo wà, mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi ni mo gbé omi fún wọn. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nǹkan kan."

Keturah fa tépù ọrùn rẹ̀ yọ. Ó nà á. Ó wọ̀n ọ́n lókè, ó wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, ó ní kí ó gbé apá, ó ní kí ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ọmọ́ṣọlá padà wá, kò borí lọ́tẹ̀ yìí. Ó wọ Jẹ́-n-mí rẹ̀, ó gbé apá méjèèjì sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó di ojú. Keturah ní kí ó bọ́ ọ kí òun bá a wé e sínú ìwé.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí. "Mo máa wọ̀ ọ́ lọ ni."

Ó wọ bùbá rẹ̀ padà, ó jáde. Dírẹ́bà ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ dè é. Ó ní kí ó máa wakọ̀ lọ síwájú, kí ó lọ dúró de òun lójú ọ̀nà Ẹ̀ruwà, òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Keturah dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀, ó ń ju apá, kò kánjú. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó sì pe ẹni tó kàn.